Ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ slide yín lè ba iṣẹ́ jẹ́: bí ẹ ṣe lè tún footer ṣe nínú PowerPoint

Lónìí, ẹ jẹ́ ká fi òṣèlú àti owó epo sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan tó kéré lójú ni mo fẹ́ ká jọ sọ: ìlà tín-ín-rín tó máa ń wà nísàlẹ̀ slide nígbà tí ẹ bá ń ṣe presentation. Òun ni wọ́n ń pè ní footer.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan oníròyìn kan pẹ̀lú footer. Ẹ gbọ́ èyí ná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán fún àwọn ilé iṣẹ́, kọ proposal fún oníbàárà tuntun. Ó ti kọ irú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn rí, nítorí náà fáìlì àtijọ́ yẹn ló ṣí. Ó yí orúkọ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ padà, ó yí iye owó padà, ó fi ránṣẹ́. Slide méjìdínlógún ni. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, orúkọ oníbàárà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ gbàgàdà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "Confidential" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà tuntun ò bá a jà. Ìbéèrè kan péré ló bi í: "Ṣé bí ìwọ náà yóò ṣe máa gbé ìwé tiwa fún ẹlòmíràn nìyí?" Iṣẹ́ yẹn lọ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà tún wà tó ń ṣe defence. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní kó padà síbi tó ti ṣàlàyé bó ṣe kó ìwádìí rẹ̀ jọ. Kò sí nọ́ńbà lára slide kankan. "Rárá, kì í ṣe èyí. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti o, padà sẹ́yìn." Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún un, ó sì fi èyí tó pọ̀ níbẹ̀ wá slide kiri. Ẹni tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, ẹ wo bí ọkàn rẹ̀ yóò ti máa lù kìkì.

Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti tún ṣe ló dojú wọn dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ẹ lè fi pamọ́.

KÍ NI FOOTER GAN-AN?

Ẹ wo slide bí ara èèyàn. Orí rẹ̀ ni àkọlé wà, ikùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni footer. Nínú PowerPoint, àpótí mẹ́ta ló máa ń wà ní ẹsẹ̀ yẹn. Àpótí ọjọ́ wà lápá òsì, àpótí ọ̀rọ̀ wà láàárín, àpótí nọ́ńbà wà lápá ọ̀tún. Bó ṣe wà nínú theme tí PowerPoint fúnra rẹ̀ máa ń gbé jáde nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe template tirẹ̀ lè gbé wọn lọ síbi tó wù ú.

Àwọn àpótí mẹ́ta yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ text box tí ẹ máa ń fà sórí slide fúnra yín. PowerPoint mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kó yí ọ̀rọ̀ inú wọn padà, á yí i padà lórí gbogbo slide, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n text box lásán tí ẹ fi ọwọ́ kọ sísàlẹ̀ slide kìíní, tí ẹ wá copy sórí àwọn yòókù, kò mọ ìyẹn rí. Lójú tiyín, footer ni. Lójú PowerPoint, àlejò ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

PowerPoint yìí dàgbà ju púpọ̀ nínú yín lọ o. Ọdún 1987 ló jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh, láti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Forethought ní Amẹ́ríkà. Robert Gaskins àti Dennis Austin wà lára àwọn tó ṣe é. Lọ́dún yẹn náà ni Microsoft ra Forethought ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Nígbà yẹn, kì í ṣe ara ògiri ni kọ̀ǹpútà ń tan slide sí tààrà. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, wọ́n á wá gbé ọ̀rá náà lé ẹ̀rọ tó ní iná lábẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wò ó ná: bí ogún ọ̀rá bá já bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà ìpàdé, tí kò sì sí nọ́ńbà lára wọn ńkọ́? Ọ̀rá ti lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí nọ́ńbà ń ṣe kò tíì lọ.

Ẹ JẸ́ KÁ BẸ̀RẸ̀ LÁTI IBI PẸLẸBẸ

Àwọn àgbà ní ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ọ̀nà tó rọrùn jù rèé:

1. Ẹ ṣí fáìlì yín, kí ẹ tẹ Insert lókè.
2. Ẹ wá Header & Footer. Ìtòsí Text Box àti WordArt ló máa ń wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́.
3. Àpótí kan á yọ tó ní ojú méjì: Slide, àti Notes and Handouts. Ẹ dúró sórí Slide.
4. Bí ẹ bá fẹ́ ọjọ́, ẹ máàkì Date and time. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà, ẹ máàkì Slide number. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ máàkì Footer, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀.
5. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó hàn lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ máàkì Don't show on title slide.
6. Ẹ tẹ Apply to All.

Ó tán. Bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan bá wà nínú footer tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ á gba ipò rẹ̀ lórí gbogbo slide.

Bí ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì bá ní abẹ́ View ni kẹ́ ẹ lọ wá Header & Footer, ẹ má bá wọn jiyàn jàre. Ní ayé PowerPoint 2003, abẹ́ View ló wà lóòótọ́. Nígbà tí Office 2007 dé ni Microsoft tún gbogbo rẹ̀ tò, tó wá bọ́ sábẹ́ Insert. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ.

APPLY ÀTI APPLY TO ALL KÌ Í ṢE ỌMỌ ÌYÁ KAN NÁÀ

Bọ́tìnì méjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí. Apply to All kan gbogbo slide tó wà nínú fáìlì. Apply nìkan kan kìkì slide tí ẹ yàn. Bí ẹ bá wà lórí slide kẹta tí ẹ tẹ Apply, slide kẹta nìkan ló máa yí padà, orúkọ àtijọ́ á sì jókòó sórí àwọn yòókù. Ẹni tó ń wo slide kẹta yẹn á rò pé òun ti ṣe tán.

Ṣùgbọ́n Apply wúlò o. Ká ní ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú presentation kan, tí ẹ sì fẹ́ kí orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ slide tirẹ̀. Ẹ lọ sápá òsì níbi tí àwòrán kékeré àwọn slide wà, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ máa tẹ slide tí ẹ fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Header & Footer, ẹ kọ orúkọ ẹni náà, ẹ tẹ Apply. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni kejì àti ẹni kẹta.

Ọ̀rọ̀ Don't show on title slide náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í wo slide tó ṣáájú, layout ló ń wò. Slide tó bá ń lo layout tí wọ́n ń pè ní Title Slide ló máa fi footer pamọ́ fún, ibi yòówù tó bá wà nínú fáìlì. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé layout Blank lẹ fi ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ yín, footer á ṣì máa yọjú níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti máàkì í. Ẹ tẹ apá ọ̀tún mouse lórí slide náà, ẹ lọ sí Layout, ẹ yan Title Slide, kí ẹ wá tún un ṣe.

ỌJỌ́: ÈYÍ TÓ Ń RÌN ÀTI ÈYÍ TÓ DÚRÓ

Lábẹ́ Date and time, ohun méjì lẹ ó bá. Update automatically ni ọjọ́ tó ń rìn: ọjọ́ tí ẹ bá ṣí fáìlì náà ló máa kọ. Fixed ni ọjọ́ tó dúró: ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni yóò máa wà níbẹ̀ títí.

Ọ̀pọ̀ máa ń yan èyí tó ń rìn torí pé ó dà bí ẹni pé ó gbọ́n. Ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá kọ ìròyìn iṣẹ́ ní oṣù kẹta, tí ọ̀gá ṣí i ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án ló máa hàn lára rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá wá ṣẹlẹ̀ nípa ìgbà tí ẹ fi iye owó kan ránṣẹ́, slide yín kò ní lè jẹ́rìí yín. Èrò tèmi ni pé kí ẹ lo Fixed fún ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ owó, àdéhùn, ìròyìn iṣẹ́ tàbí project ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi èyí tó ń rìn sílẹ̀ fún slide tí ẹ máa ń lò lemọ́lemọ́, bí èyí tí ẹ fi ń kọ́ọ̀yàn níṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àyè Fixed yìí tún dára fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ọjọ́ ní Yorùbá. Ohun tó bá wù yín lẹ lè kọ síbẹ̀. "Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹta" á wọlé síbẹ̀ dáadáa.

NỌ́ŃBÀ: BÍ Ẹ BÁ FẸ́ KÓ BẸ̀RẸ̀ LÁTI IBÒMÍRÀN

Bí ẹ bá fi nọ́ńbà pamọ́ lójú ìwé àkọ́kọ́, slide tó tẹ̀ lé e á ṣì máa jẹ́ 2. Àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ 1. Ẹ lọ sí Design, ẹ tẹ Slide Size, ẹ yan Custom Slide Size. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí Number slides from. Ẹ fi 0 síbẹ̀, ẹ tẹ OK. Ojú ìwé àkọ́kọ́ á di 0 tí kò ní hàn, èyí tó tẹ̀ lé e á di 1.

Ìbéèrè mìíràn tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ṣé ó lè kọ "5 nínú 20", kí àwọn tó ń wò ó lè mọ ibi tó kù sí. PowerPoint kì í ka àpapọ̀ slide fún yín nínú footer. Ọwọ́ lẹ ó fi kọ ọ́. Nínú Slide Master, tí mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé, ẹ wá layout tí àwọn slide yín ń lò, ẹ tẹ inú àpótí nọ́ńbà, ẹ ó rí àmì kan báyìí: ‹#›. Ẹ má pa á rẹ́ o, òun ló ń di nọ́ńbà. Ẹ kọ "/ 20" sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Header & Footer, ẹ yọ máàkì Slide number kúrò, ẹ tẹ Apply to All, kí ẹ tún padà lọ máàkì í. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi slide kan kún un, ẹ rántí pé ẹ̀yin fúnra yín ni yóò lọ sọ 20 di 21. Nítorí náà, ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe é.

SLIDE MASTER: ILÉ LA TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Ibí yìí ni ẹran wà lára ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ohun tí mo sọ lókè tí footer ṣì kọ̀ tí kò hàn, tàbí tó hàn síbi tí kò yẹ, tàbí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, inú Slide Master ni ìdáhùn wà.

Ẹ tẹ View, kí ẹ wá tẹ Slide Master. Ọ̀nà àbùjá kan wà náà: ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ àmì Normal kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ẹ ó rí slide ńlá kan lókè pẹ̀lú àwọn kéékèèké tó tò sábẹ́ rẹ̀. Ẹni ńlá yẹn ni bàbá, ìyẹn master fúnra rẹ̀. Àwọn kéékèèké ni ọmọ rẹ̀, àwọn la ń pè ní layout. Slide tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ ni ọmọ-ọmọ.

Ohun tí bàbá bá wọ̀ ni ọmọ máa wọ̀, tí ọmọ-ọmọ náà á sì wọ̀, àfi bí ọmọ kan bá ti yí aṣọ tirẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà footer tóbi sí i, kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí kó kúrò láàárín lọ sápá òsì, orí bàbá ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ wá tẹ Close Master View láti jáde. Bí slide kan bá ṣorí kunkun tí kò tẹ̀ lé àwọn yòókù, ẹ yàn án, ẹ lọ sí Home, kí ẹ tẹ Reset. Á padà sí bí layout rẹ̀ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Reset á tún àwọn àpótí yòókù lórí slide náà tò pẹ̀lú, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa lẹ́yìn náà.

Bí footer bá hàn lórí slide mẹ́wàá tí kò hàn lórí méjì, ó ṣeé ṣe kí layout tí méjì yẹn ń lò má ní àpótí footer rárá. Ẹ padà sínú Slide Master, ẹ tẹ layout náà, kí ẹ wo òkè: ẹ ó rí Footers. Bí kò bá sí máàkì nínú rẹ̀, ẹ máàkì í. Bó bá jẹ́ pé orí bàbá ni wọ́n ti pa á rẹ́, ẹ tẹ Master Layout, kí ẹ máàkì Date, Slide number àti Footer. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde, ẹ ṣì ní láti padà sí Insert, Header & Footer, kí ẹ tẹ Apply to All. Ohun tó wà nínú Slide Master kàn ń pèsè àyè ni. Header & Footer ló ń gbé nǹkan sínú àyè náà.

Ohun tó ń da àwọn kan láàmú gan-an rèé. Wọ́n á wọ inú Slide Master, wọ́n á kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sínú àpótí Footer níbẹ̀, wọ́n á jáde, wọn ò ní rí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà yín kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sínú àpótí yẹn nínú Slide Master kì í dédé yọ sórí slide. Inú Header & Footer ni ilé rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ ṢEÉ TẸ̀, TÍ KÒ ṢEÉ PA RẸ́

Ẹ gba template lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Ẹ lọ sí Header & Footer, kò sí níbẹ̀. Àbí ẹ̀mí àìrí ni?

Kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Ẹni tó ṣe template náà gbé text box tàbí logo lásán sínú Slide Master ni. Ohun tó bá wà níbẹ̀ lọ́nà yẹn máa ń hàn lórí slide, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fọwọ́ kàn án láti ìta. Ẹ wọlé lọ bá a: View, Slide Master. Ẹ kọ́kọ́ wo orí bàbá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo àwọn layout. Bí ẹ bá gbé mouse dúró sórí layout kan, PowerPoint á sọ slide tó ń lò ó fún yín, kí ẹ má baà máa wá kiri lásán. Ẹ rí i? Ẹ tẹ etí àpótí rẹ̀, ẹ tẹ Delete, ẹ jáde.

Bí ẹ bá wọ ibẹ̀ tí ẹ kò sì rí àpótí kankan, ẹ wo àwòrán ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn, inú fọ́tò tí wọ́n fi ṣe background ni wọ́n kọ orúkọ náà sí. Ẹ ò lè pa ọ̀rọ̀ inú fọ́tò rẹ́. Ẹ kàn ní láti yí background náà padà ni, láti Format Background.

Bó bá sì jẹ́ pé text box lásán ni wọ́n fi ọwọ́ kọ sórí slide kọ̀ọ̀kan, Ctrl+H ni oògùn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àtijọ́ sí Find what, ẹ kọ ti tuntun sí Replace with, ẹ tẹ Replace All.

SLIDE TÍ Ẹ COPY LÁTI ỌWỌ́ ẸLÒMÍRÀN

Ní ọ́fíìsì, ẹni kan kì í sábà dá presentation ṣe. Tunde á mú slide mẹ́rin wá, Bísí á mú mẹ́fà wá, ẹ̀yin lẹ ó wá dà wọ́n pọ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá ti paste, àmì kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá yan Keep Source Formatting, slide náà á gbé bàbá tirẹ̀ wá sínú ilé yín. Ẹ lọ wo Slide Master, ẹ ó rí i pé bàbá ti di méjì tàbí mẹ́ta, tí ìsàlẹ̀ oníkálukú sì yàtọ̀. Bí ẹ bá yan Use Destination Theme, bàbá tiyín ni yóò máa gbọ́ràn sí.

Èwo nínú méjèèjì lẹ ì báà yàn, ẹ ṣí Header & Footer lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ jọ tán, kí ẹ tẹ Apply to All lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ footer tó bá tẹ̀ lé slide Bísí wá á di tiyín.

ÌWÉ TÍ Ẹ FẸ́ TẸ̀ JÁDE ŃKỌ́?

Ẹ rántí ojú kejì tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: Notes and Handouts. Ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde fún àwọn èèyàn, tó ní slide mẹ́ta tàbí mẹ́fà lójú kan, ní footer tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún ní header lókè, èyí tí slide fúnra rẹ̀ kò ní. Ohun tí ẹ bá ṣe sórí Slide kò kan ibẹ̀ rárá. Ẹ lè tún gbogbo slide ṣe kó mọ́ fínnífínní, kí orúkọ oníbàárà àtijọ́ wá yọ lórí ìwé tí ẹ pín nínú ìpàdé. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ lọ sí File, Print, kí ẹ wo ìsàlẹ̀: ẹ ó rí Edit Header & Footer. Ẹ yẹ ẹ́ wò.

BÍ Ẹ Ò BÁ LO POWERPOINT

LibreOffice Impress, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, jọ ọ́ púpọ̀. Insert, lẹ́yìn náà Header and Footer, lẹ́yìn náà Apply to All. Master rẹ̀ wà lábẹ́ View, ibi tí wọ́n kọ Master Slide sí.

Ọ̀rọ̀ Google Slides yàtọ̀ díẹ̀. Nọ́ńbà wà lábẹ́ Insert, níbi Slide numbers, ẹ sì lè ní kó fo ojú ìwé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àpótí Header & Footer níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ yín wà lórí gbogbo slide, ẹ lọ sí Slide, Edit theme, kí ẹ fi text box síbẹ̀ fúnra yín.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń KỌ FOOTER NÍ YORÙBÁ

Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo font yín dáadáa. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ gbé àmì lókè, ó tún gbé àmì sísàlẹ̀. Àwọn font ológe kan kì í lè gbé méjèèjì, wọ́n á sọ ọ̀kan di àpótí òfìfo tàbí kí àmì ohùn fò lọ sórí lẹ́tà mìíràn. Calibri àti Noto Sans sábà máa ń gbé e dáadáa. Lẹ́tà footer inú theme PowerPoint kì í sì í ju 12 lọ, àwọ̀ eérú ni wọ́n sì máa ń fún un. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò ní rí àmì kankan. Ẹ lọ sórí bàbá nínú Slide Master, ẹ sọ ọ́ di 14, kí ẹ jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ sí i.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lẹ máa lò níbi ìpàdé, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ máàkì Embed fonts in the file. Bí font yín kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àmì ohùn yín á sì wọ gàù.

KÍ LÓ YẸ KÓ WÀ NÍBẸ̀?

Díẹ̀ ló dára. Nọ́ńbà ṣe pàtàkì jù, ẹ má ṣe láìsí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ yín tàbí ti ilé iṣẹ́ yín, torí pé àwọn èèyàn máa ń ya fọ́tò slide kan ṣoṣo, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Fọ́tò yẹn kò ní gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ dání. Footer nìkan ló máa sọ ẹni tó ni iṣẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ń jí iṣẹ́ yín lò, ẹ gbọ́ èyí. Ọjọ́ ló tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, Instagram àti gbólóhùn ìwúrí, ẹ kó wọn lọ sí slide ìkẹyìn.

KÍ Ẹ TÓ TẸ SEND

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ṣe nǹkan márùn-ún yìí:

1. Ẹ ṣí Header & Footer, ẹ ka ojú méjèèjì, Slide àti Notes and Handouts.
2. Ẹ wọ Slide Master, ẹ wò bóyá bàbá ju ẹyọ kan lọ, bóyá orúkọ àjèjì sì wà níbẹ̀.
3. Ẹ lo Ctrl+F láti wá orúkọ oníbàárà àtijọ́.
4. Ẹ lọ sí File, Info, Check for Issues, Inspect Document. Á sọ fún yín bí orúkọ ẹni tó ṣe fáìlì náà tàbí àwọn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ bá ṣì kù nínú rẹ̀, kí ẹ lè yọ wọ́n.
5. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ fi ojú ara yín wo ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé rẹ̀, láti èkíní dé ìkẹyìn. PDF yìí gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́, àfi bí wọ́n bá ní dandan PowerPoint làwọn fẹ́.

Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń múra defence tàbí tó fẹ́ fi proposal ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó pẹ́ jù. Bí ibì kan bá ṣì rú yín lójú, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sọ irú PowerPoint tí ẹ ń lò, màá dáhùn. Ire o.